Ariwo Ló Bí Jìtá Oníná

Bí èèyàn bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà lónìí tó sì bá jìtá oníná àtijọ́ nínú gíláàsì, orúkọ olórin tó fi í ṣeré ni pátákó kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dá. Lẹ́yìn orúkọ ni ọdún, lẹ́yìn ọdún ni orin tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York pàtẹ ohun èlò orin rọ́ọ̀kì lọ́dún 2019, tí wọ́n pe ìpàtẹ náà ní Play It Loud, orúkọ àwọn gbajúmọ̀ ló fa èrò wọlé: jìtá lágbájá, ìlù làkáṣègbè. Ọdún kan náà ni wọ́n lu jìtá dúdú David Gilmour ní gbàǹjo lọ́dọ̀ Christie's, tí owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má bọlá fún olórin. Ohun tí mò ń jiyàn lé ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ gbé ìtàn jìtá oníná dorí kodò. Olórin ńlá kọ́ ló dá a sílẹ̀, wíwá ohùn tuntun kọ́ ló sì fà á. Ariwo gbọ̀ngàn ijó ló bí i. Àwọn tó ń ta jìtá kò gbọ́ ara wọn mọ́ láàárín fèrè àti ìlù, wọ́n sì gbé ẹjọ́ wọn lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: ẹni tó ń tẹ irin, ẹni tó ń tún rédíò ṣe, obìnrin tó ń wé wáyà. Ẹni tó bá fojú fo orúkọ tó wà lára pátákó, tó sì wo igi àti irin jìtá kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, yóò rí ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun èlò inú pálọ̀ ni jìtá kí ó tó di oníná. Ó dùn létí ènìyàn mẹ́fà méje tó jókòó yí i ká. Bí èrò bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ oníjìtá nìkan ni wọ́n ń rí, wọn kò gbọ́ ohun tó ń ta. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ijó di òwò ńlá láwọn ìlú Amẹ́ríkà. Gbọ̀ngàn fẹ̀ sí i, àwọn afọnfèrè gba iwájú, báńjò sì gba ipò lọ́wọ́ jìtá nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, nítorí pé awọ tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ han gooro. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni àwọn tó ń ta jìtá Hawaii. Ní nǹkan bí ọdún 1889 ni Joseph Kekuku, ọmọdékùnrin kan ní erékùṣù Oahu, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jìtá lé itan, tó ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀ dípò kí ó máa fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní San Francisco lọ́dún 1915 gbé orin náà dé etí gbogbo Amẹ́ríkà, ó sì gba ìgboro kan. Nínú orin yìí, jìtá kì í gbe ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Òun gan-an ló ń lé orin. Bí èrò kò bá gbọ́ ọ, kò sí orin nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi irú jìtá yìí ṣeré lórí ìtàgé ni George Beauchamp ní Los Angeles. Òun ló lọ bá John Dopyera, tó ń ṣe ohun èlò orin olókùn, pé kó bá òun wá jìtá tí ohùn rẹ̀ á ròkè. Ní 1927, ilé iṣẹ́ National gbé jìtá onírin jáde, tó ní abọ́ alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta nínú, tí wọ́n ń gbọ̀n bí okùn bá ti ń gbọ̀n. Ó ké ju jìtá onígi lọ dáadáa. Àmọ́ irin nìkan kò lè bá odindi ẹgbẹ́ afọnfèrè figẹ̀ wọngẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e yẹ ní wíwò fínnífínní. Ní 1931, Beauchamp àti Paul Barth, tí wọ́n jọ wà ní National, ní kí Harry Watson tó mọ igi gbẹ́ bá wọn gbẹ́ jìtá kan láti ara igi maple kan ṣoṣo. Ikùn rẹ̀ kò ju àwo kékeré lọ, ọrùn rẹ̀ gùn, kò níhò, kò sì sí àlàfo kankan nínú rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ ti ń ta okùn ni wọ́n de òòfà méjì mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ kọrọdọ bí irin àtẹ́lẹsẹ̀ ẹṣin, wọ́n dojú kọ ara wọn, wọ́n sì fò kọjá lókè, tó fi jẹ́ pé inú wọn ni okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà kọjá. Nísàlẹ̀ okùn ni ìdì wáyà bàbà tín-ín-rín wà, tí wọ́n wé léraléra, pẹ̀lú irin kéékèèké mẹ́fà, ọ̀kan fún okùn kọ̀ọ̀kan. Bí okùn irin bá ti gbọ̀n láàárín òòfà, iná kékeré a máa rìn nínú wáyà bàbà yẹn. Anpilifáyà á sọ iná kékeré náà di ńlá, sípíkà á sì sọ ọ́ di ohùn. Èyí yàtọ̀ sí kí èèyàn gbé máíkù síwájú jìtá. Máíkù ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ nínú gbọ̀ngàn, títí kan ẹni tó ń wúkọ́. Òòfà kò mọ nǹkan kan bí kò ṣe okùn irin tó ń gbọ̀n níwájú rẹ̀. Gbogbo òye iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá yọ iná kúrò lára ohun tí Watson gbẹ́ yìí, igi lásán ni. Ẹni tó jókòó tì í gan-an kò ní gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń wá ohùn dídùn kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ló lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Adolph Rickenbacker, ọmọ Switzerland tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń bá National tẹ ara jìtá onírin wọn, ló gbé owó àti ẹ̀rọ kalẹ̀. Ní 1932, òun àti Beauchamp bẹ̀rẹ̀ sí í ta jìtá náà, alumíníọ́mù tí wọ́n dà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Frying Pan nítorí pé ó jọ páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin. Alumíníọ́mù yìí ní wàhálà tirẹ̀: iná ìtàgé máa ń mú un gbóná, ohùn okùn á sì yẹ̀ láàárín orin. Àsìkò tí wọ́n gbé e jáde náà kò dára. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, iná mànàmáná gan-an kò sì kárí. Títí di àárín àwọn ọdún 1930, nǹkan bí ilé oko kan péré nínú mẹ́wàá ló ní iná ní Amẹ́ríkà. Beauchamp kọ̀wé béèrè pátẹ́ńtì ní 1934, ọdún 1937 ni wọ́n tó fún un. Àwọn ará ọ́fíìsì pátẹ́ńtì ń ṣiyèméjì bóyá nǹkan náà lè ṣiṣẹ́ rárá, ló bá di pé wọ́n kó àwọn oníjìtá, tí Sol Hoopii ọmọ Hawaii ṣíwájú wọn, lọ sí Washington kí wọ́n lọ ta á fún wọn kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́. Kí ìwé tó jáde, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe tiwọn. Ẹni tí àkọsílẹ̀ sì kọ́kọ́ fi hàn pé ó fi jìtá oníná ṣeré fún èrò kì í ṣe gbajúmọ̀ kankan. Gage Brewer ni, olórí ẹgbẹ́ ijó kan ní Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní October 1932. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn ìlú Wichita ni jìtá rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń wá orísun jìtá oníná, kí ó ya Wichita kí ó tó kọjá sí New York.

Gibson, ilé iṣẹ́ àgbà ní Kalamazoo, dá sí i ní 1936 pẹ̀lú ES-150. Iye tó wà nínú orúkọ náà kò jìnnà sí iye dọ́là tí wọ́n ń ta jìtá àti anpilifáyà rẹ̀ pa pọ̀. Èyí kì í ṣe ti orí itan mọ́. Wọ́n ń gbé e dání bíi jìtá tí gbogbo ayé mọ̀. Charlie Christian, ọmọ adúláwọ̀ tó dàgbà ní Oklahoma City, fi irú rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman ní 1939. Títí dìgbà náà, ẹ̀yìn ni oníjìtá máa ń wà nínú ẹgbẹ́ ńlá, tí yóò máa ṣe àtìlẹ́yìn fún àwọn tó ń fọn fèrè. Christian dìde, ó ń dá sọ̀rọ̀ bí afọnfèrè. Ikọ́ ife pa á ní 1942, ọmọ ọdún 25 péré ni. Ní Chicago, ní àárín àwọn ọdún 1940, Muddy Waters tó ti Mississippi wá bọ́ sídìí jìtá oníná nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ jìtá onígi rẹ̀ nínú ariwo ilé ọtí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń yanjú ìṣòro kan ni òmíràn ń hù. Jìtá Gibson ṣì ní ikùn àti ihò. Bí wọ́n bá yí ohùn sókè jù, ohun tó ti inú sípíkà jáde á padà wá mi ikùn jìtá, okùn á gbọ̀n, òòfà á tún gbé e, sípíkà á tún ké e jáde, títí yóò fi di igbe kan tí kì í dẹwọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n dí ikùn náà pa. Ní nǹkan bí 1940, oníjìtá Les Paul ń lo ilé iṣẹ́ Epiphone ní New York lọ́jọ́ Sunday tí kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ó kan okùn àti òòfà mọ́ igi páìnì onígun mẹ́rin tó nípọn tó íǹṣì mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló la ikùn jìtá kan sí méjì, tó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi náà kí ó lè jọ jìtá lójú èrò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin kọ́ńtírì ní Nashville ni igi yìí, tí wọ́n ń pè ní Log, wà, níbi tí jìtá tí Paul Bigsby ṣe fún Merle Travis ní 1948 wà pẹ̀lú. Bigsby yìí, ìdí alùpùpù ló ti wá. Bí èèyàn bá dúró síwájú Log, yóò rí i pé apá méjèèjì tó fi jọ jìtá kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ojú ayé ni wọ́n wà fún.

Leo Fender ni ẹ̀rí mi tó lágbára jù, nítorí pé kò mọ jìtá ta. Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò ló ṣí ní Fullerton, ní California, ní 1938. Àwọn olórin ijó àdúgbò ń gbé anpilifáyà tó bàjẹ́ wá bá a, ẹnu wọn ló sì ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ó gbé jìtá onígi gbagidi jáde ní 1950, ó sọ ọ́ ní Broadcaster. Ilé iṣẹ́ Gretsch ní orúkọ ìlù tiwọn nìyẹn, ló bá yí i padà sí Telecaster ní 1951. Iṣẹ́ ẹni tó mọ ohun tó bàjẹ́ tún ṣe ló hàn lára jìtá yìí: ṣíkúrù mẹ́rin ló so ọrùn rẹ̀ mọ́ ara. Bí ọrùn bá wọ́, wọ́n á tú u, wọ́n á fi òmíràn sí i, olórin á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1951 yẹn náà ló ṣe Precision Bass, tí àwọn tó ń ru báàsì gàgàrà káàkiri fi bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò Stratocaster, tó jáde ní 1954, Freddie Tavares, ọmọ Hawaii tó ń ta jìtá orí itan, ló bá wọn ya àwòrán rẹ̀. Bill Carson, oníjìtá kan tó máa ń wá síbẹ̀, sì ti ń ráhùn pé etí Telecaster ń gún òun níhà. Wọ́n fá ẹ̀yìn Stratocaster kó lè bá ara mu. Ìlà ara jìtá yẹn ni àwọn ìwé olówó iyebíye ń yìn lónìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, bẹ́ẹ̀ egungun ìhà tó ń dun ẹnì kan ló bí i.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sì í fi ibi tó ṣe pàtàkì jù hàn wá. Bí wọ́n bá tú ṣíkúrù mẹ́rin yẹn lára Fender àwọn ọdún 1950, wọ́n sábà máa ń bá déètì tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí ìdí ọrùn, níbi tó ti wọnú ara jìtá. Lára òmíràn, lẹ́tà TG wà níbẹ̀: Tadeo Gomez, tó ń gbẹ́ ọrùn jìtá ní Fullerton. Nínú ihò tí wọ́n kó wáyà sí, téèpù lílẹ̀ pélébé kan máa ń wà lára ọ̀pọ̀ Stratocaster ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ obìnrin tó jó lẹ́ẹ̀dì sí wáyà náà sì wà lórí rẹ̀, Mary tàbí Gloria, kò sí orúkọ bàbá. Ní 1956 ni Abigail Ybarra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wé wáyà bàbà yí òòfà. Lọ́dọ̀ Gibson ní Kalamazoo, Seth Lover ló ronú kan òòfà tó ní ìdì wáyà méjì, tí ọ̀kan ń pa híhùn iná èkejì. 1955 ló béèrè pátẹ́ńtì rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wé wáyà rẹ̀ nígbà náà kò ní ohun tó ń dá a dúró fúnra rẹ̀ bí òǹkà bá pé. Ojú ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ló ń dá a dúró. Nítorí náà, òmíràn ní wáyà ju òmíràn lọ, ohùn wọn sì yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Owó gọbọi tí àwọn agbójìtájọ ń san lónìí lórí ìyàtọ̀ yìí, ojú àti ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń rà. Àwọ̀ wọn pàápàá kò ti ọ̀dọ̀ ayàwòrán wá: ọ̀dà mọ́tò ni. Ti Ford ni Fiesta Red, ti Cadillac ni Lake Placid Blue.

Ẹni tó gbọ́ orin dáadáa lè dá mi lóhùn pé èyí kò tó. Yóò ní jìtá oníná kì í ṣe jìtá lásán tí wọ́n kàn mú ohùn rẹ̀ ròkè. Ohun èlò mìíràn gbáà ni. Ohùn rẹ̀ ń fà gùn, ó ń lọgun, ó ń sunkún, ó sì ń ha bí ohun tó ya. Kò sí èyí tí jìtá onígi lè ṣe níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣáájú. Ohùn tó mọ́ gaara ni Fender ń wá, ohùn tí kò ní híhùn ni Lover ń wá, bí anpilifáyà bá sì ń ha, ẹni tó ní in á gbé e lọ fún àtúnṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ike Turner ń lọ gba orin Rocket 88 sílẹ̀ ní Memphis ní 1951, anpilifáyà oníjìtá wọn, Willie Kizart, ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n ki bébà bọ inú sípíkà rẹ̀ kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ohùn híha tó jáde ni ọ̀pọ̀ òpìtàn wá ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ohùn rọ́ọ̀kì. Àbùkù ló kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di àrà. Mo gbà pé nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń lọ, àwọn olórin ti ń mọ̀ọ́mọ̀ wá àbùkù yìí, tí àwọn ilé iṣẹ́ sì ń ṣe ẹ̀rọ tó ń mú un wá fún títà. Láti ìgbà náà lọ, ìtàn náà di ti ohùn. Àmọ́ èyí jẹ́ ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn igi maple tí Watson gbẹ́, ẹni tó bá sì fi ìgbẹ̀yìn ìtàn ṣàlàyé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ṣi ọ̀nà.

Iyàn kejì le ju ìyẹn lọ. Wọ́n á ní láìsí olórin, irin àti igi ni gbogbo rẹ̀; ta ni yóò sanwó wọlé láti wá wo iṣẹ́ ẹni tó ń jó lẹ́ẹ̀dì? Jìtá tí Gibson fi orúkọ Les Paul pè, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ oòrùn láti 1958 sí 1960, ni ìdáhùn mi. Ọjà kò gbà á. Ní 1961 Gibson ti yí bátànì rẹ̀ padà pátápátá. Flying V tí wọ́n gbé jáde ní 1958 tún burú jù bẹ́ẹ̀: èyí tí wọ́n kó jáde ní ọdún méjì àkọ́kọ́ kò pé 100. Lẹ́yìn tí Eric Clapton ra Les Paul àlòkù kan ní London, tó sì fi í gba orin sílẹ̀ pẹ̀lú John Mayall ní 1966, ni gbogbo ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú rẹ̀ kiri, Gibson sì padà sídìí ohun tó ti patì ní 1968. Lónìí, ọ̀kan nínú wọn lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Nítorí náà, mi ò sẹ́ agbára olórin. Olórin ló sọ iye rẹ̀ dọ̀tun. Ohun tí Clapton rà lálòkù yẹn ti pé pérépéré lọ́wọ́ àwọn ará Kalamazoo ní ọdún mélòó kan ṣáájú, wọn ò sì fi nǹkan kan kún un nítorí tirẹ̀. Bí a bá tiẹ̀ gbà kí olórin jẹ́ olórí ìtàn, àwọn tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kò tíì ṣe òdodo: Sister Rosetta Tharpe, tó ti ń fi jìtá oníná kọrin ẹ̀mí kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyẹn tó mọ jìtá dì mú, ọdún 2018 ni Rock and Roll Hall of Fame tó rántí rẹ̀.

Àwọn kan á tún ní àdììtú wà nínú igi àtijọ́, pé ohun tó jáde kí Fender tó ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS, ilé-ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ńlá, ní January 1965, ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá dọ́là, ní nǹkan tí àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Bí ìyàtọ̀ kan bá wà, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ déètì sí ìdí iṣẹ́ wọn ni ó ti wá, kì í ṣe inú igi. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ mi náà nìyẹn ń gbè.

Ilé wa ni ẹ̀rí tó kù wà. Ní Èkó àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ jùjú Túndé King kò ju ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin lọ: báńjò onígìtá, ìlù jùjú pẹlẹbẹ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn. Ayẹyẹ inú ilé ni wọ́n ń lọ, ìwọ̀n tí ohùn okùn báńjò mọ ni ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ mọ. Bí wọ́n bá kó gángan mẹ́ta sí i, báńjò á di àwátì. Christopher Waterman, ọ̀mọ̀wé tó kọ ìwé lórí ìtàn orin jùjú, kọ ọ́ pé ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè kọ́kọ́ so máíkù kékeré mọ́ ohun èlò olókùn rẹ̀, tó sì bọ́ sórí jìtá ní 1954. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kókó. Nígbà tí ohùn àti okùn ti rí iná gbé wọn lé orí, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù: gángan pọ̀ sí i, ẹgbẹ́ fẹ̀, títí ó fi di ohun tí a mọ̀ nígbà Ebenezer Obey àti Sunny Ade, tí jìtá púpọ̀ ń bá ìlù púpọ̀ sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnì kan bo ẹnì kan mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rò pé iná ló jẹ́ kí orin wa di ti òyìnbó ti ṣì í wò. Iná ló jẹ́ kí ìlù wa ráyè wọlé. Jìtá Hawaii náà sì dé ọ̀dọ̀ wa ní tirẹ̀. Jìtá onípẹ́dà tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń fi irin yọ̀ lórí rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Sunny Ade, tí gbogbo ayé gbọ́ nínú àwo Juju Music ní 1982, àtọmọdọ́mọ ohun tí Kekuku bẹ̀rẹ̀ lórí itan ni. Adépọ̀jù yìí náà ló ta á fún Paul Simon nínú orin Graceland ní 1986.

Smithsonian ní Washington ti fi hàn ní 1996 pé ètò mìíràn ṣeé ṣe, nígbà tí wọ́n pàtẹ ìdìde jìtá oníná láti orí Frying Pan dé Flying V, bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń bí iṣẹ́ ọwọ́. Mo fẹ́ kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá ní Telecaster méjì tú ọrùn ọ̀kan kalẹ̀, kí èrò rí pẹ́ńsù. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé anpilifáyà tì í, nítorí pé jìtá oníná tí kò ní anpilifáyà kò pé, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fi wọ́n kọ́ ara ògiri bí ẹni fi àwòrán kọ́ ti gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà ní ohun tí wọn yóò tún tò. Oníkàn ni Mùsíọ́mù Orílẹ̀-èdè wa wà, ibẹ̀ náà ni ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá John Randle wà. Jìtá, anpilifáyà àti sípíkà tí àwọn ẹgbẹ́ jùjú lò láàárín 1949 sí 1980 yẹ níbẹ̀, kí ó má jẹ́ aṣọ àti fọ́tò ọ̀gá ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ta jìtá nígbà náà, ẹ má ta anpilifáyà tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá ṣì wà láyé, ẹ lọ bi í léèrè ohun tó yí padà nínú rẹ̀ àti ìdí tó fi yí i, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.